Ẹní Ògòtún, Ìkòkò Ìsàn: Ohun Tí Àlàáfíà Ń Jẹ

Bí ọ̀rọ̀ Èkìtì bá délẹ̀, ìbáà jẹ́ níbi ìnáwó tàbí lórí rédíò, kì í pẹ́ tí ẹnìkan fi máa mẹ́nu ba Kírìjì, ogun tí a bá Ìbàdàn jà. Yóò ní ogun yẹn ló sọ wá di ọ̀kan, pé Èkìtì Parapọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìrẹ́pọ̀ wa, pé ibẹ̀ ni àlàáfíà tó wà láàárín ìlú sí ìlú ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, ó sì ń wú ọmọ Èkìtì lórí. Èmi gba ìdajì rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ogun náà kó wa jọ. Kí Ìbàdàn tó dé, Èkìtì kò ní ọba kan tó jẹ lórí gbogbo wa. Aládé mẹ́rìndínlógún ni àwọn àgbà máa ń kà, oníkálukú pẹ̀lú ìlú àti igbó tirẹ̀, wọ́n sì máa ń kọlu ara wọn nígbà míràn. (Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ta ló ga ju ta lọ láàárín àwọn ọba Pẹ̀lúpẹ̀lú, ìyẹn àwọn aládé yìí, ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n má baà ránṣẹ́ pè mí láàfin.) Àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, wá fi ayé ni ìlú lára dé ibi tí ara kò gbà á mọ́. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀rọ̀ sì bẹ́yìn yọ. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà so ọwọ́ pọ̀, Ògèdèńgbé Agbógungbórò di olórí ogun, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Orúkọ tí ogun náà ń jẹ́ gan-an, ìró àgbá ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀tá kan kó jọ, bí ọ̀tá náà bá lọ ńkọ́? Ibi tí mo ti yà kúrò lára àwọn onítàn wa nìyẹn. Àjùmọ̀jagun yàtọ̀ sí àjùmọ̀gbé. Ọ̀pọ̀ ló ti jọ jagun rí láyé yìí, tí wọ́n sì wá kọjú ìjà síra wọn kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ lójú idà.

Bí wọ́n ṣe ja Kírìjì kọ́ ló máa ń gbà mí lọ́kàn jù. Bí wọn kò ṣe lè ṣíwọ́ rẹ̀ ni. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni gómìnà Èkó rán wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ti ibùdó kan lọ sí èkejì títí ọ̀rọ̀ fi wọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ bọ́ sí apá Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ bá wọn gbé níbẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ìwé wà, àmì ọwọ́ wà, ẹlẹ́rìí wà. Síbẹ̀, ibùdó ogun kò tú tán títí di 1893. Ọdún méje gbáko!

Àwọn onítàn máa ń ní ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ àti ti Ìlọrin òun Ọ̀fà ló fà á, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Àmọ́ ẹ tún wo ibùdó yẹn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti lò níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, wọ́n ti fẹ́yàwó, ìyàwó ti bímọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí ibùdó lọ́dún kìíní ti tó ẹni tó ń gbé ìbọn nígbà tí wọ́n máa tú ká. Alágbẹ̀dẹ ń rọ ọta, oníṣòwò ń ta ẹ̀tù, jagunjagun ń mú ẹrú, ó ń tà á, ó ń fi owó rẹ̀ ra ìbọn tí yóò fi mú òmíràn. Kí ni a fẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé lọ ṣe? Ogun ti di iṣẹ́, ó ní olówó, ó ní ọ̀gá, ó ní ọmọ iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kò gbé oúnjẹ kankan síwájú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: bí ogun bá ń bọ́ ènìyàn, àlàáfíà gbọ́dọ̀ máa bọ́ ènìyàn pẹ̀lú, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ aládùúgbò ni apá kan oúnjẹ náà ti ń wá. Ìlú tí kò nílò ohunkóhun lọ́wọ́ ìlú kejì, sùúrù rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Àpẹẹrẹ tó dá mi lójú jù jìnnà sí wa. Ní Bùràsílì, lápá òkè odò Xingu, àwọn ẹ̀yà bíi mẹ́wàá ń gbé nítòsí ara wọn, èdè wọn kò sì bára mu. Òmíràn nínú àwọn èdè náà kò bára tan rárá, bí Yorùbá àti Haúsá kò ṣe bára tan. Wọn kì í bá ara wọn jagun. Àwọn Wauja ló ń mọ ìkòkò fún gbogbo wọn. Àwọn Kamayurá ló ń gbẹ́ ọrun. Àwọn Kalapalo àti Kuikuro ló ń fi ìkarahun ṣe ẹ̀gbà ọrùn àti bẹ́líìtì. Ẹni tó bá fẹ́ se oúnjẹ níbẹ̀, àfi kó mọ ọ̀nà abúlé àwọn Wauja. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀yà kan lè kọ́ iṣẹ́ èkejì bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún onítọ̀hún. Bí olóyè kan bá sì kú, ìlú tó ṣòfò yóò pe àwọn aládùúgbò wá bá wọn ṣọ̀fọ̀, wọ́n á sunkún, wọ́n á jẹun, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á ja gídígbò, ilẹ̀ á mọ́. Kí ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n o. Wọ́n ń fura síra wọn lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti oṣó gan-an, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n kàn ń fura síra wọn, wọ́n sì ń ra ìkòkò lọ́wọ́ ara wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa wọn, Èkìtì ni mo rí. Ta ni kò mọ ẹní Ògòtún? Ìkòkò Ìsàn ńkọ́? Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, èyí tí ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ tilẹ̀ òkèèrè? Kò sí òfin tó ní kí Ìsàn má hun ẹní. Ewé tí wọ́n fi ń hun ún kò pọ̀ jù ní ibì kan kó ṣọ̀wọ́n pátápátá ní ibòmíràn. Ó kàn jẹ́ pé obìnrin Ògòtún ti jókòó ti iṣẹ́ yẹn láti ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀. Yóò là á tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sá a, yóò rẹ òmíràn láró, yóò wá máa fi ìka ti ọ̀kan wọnú èkejì, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára rẹ̀ bó tilẹ̀ ń bá ọ ṣàwàdà. Bí o bá fẹ́ gbéyàwó, tí o sì fẹ́ ẹní tó dára nínú ẹrù rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàá lọ. Ìwọ àti òun á náà án. Ó lè rẹ́ ọ jẹ díẹ̀. Ìyẹn náà wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tún ń ṣe iṣẹ́ kan náà, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rò ó. Ọrọọrún ni ọjà ìlú wa. Ìlú tó múlé gbè wá ń ná tirẹ̀ ní ọ̀túnla tiwa, ìlú tó tẹ̀ lé e ń ná tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà lè yí gbogbo wọn ká láàárín ọrún kan. Ẹni tó to ọjọ́ náà bẹ́ẹ̀ ti kú tipẹ́, n kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó gbọ́n. Bí ìlú méjì bá ń ná ọjà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀tá ni wọ́n ń di. Bí ọ̀kan bá ń ná lónìí, tí èkejì ń ná lọ́túnla, oníbàárà ara wọn ni wọ́n.

Àwọn òyìnbó náà ti fara gbá ọgbọ́n yìí. Faransé àti Jámánì ja ogun ní 1870, wọ́n tún jà ní 1914, wọ́n tún jà ní 1939. Ní 1951, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Ítálì, Bẹ́ljíọ̀mù, Họ́láńdì àti Lúsẹ́ńbọ́ọ̀gì gbé èédú àti irin wọn sábẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Irin ni wọ́n fi ń rọ àgbá, èédú ni wọ́n fi ń yọ́ irin. Wọn kò dúró de ìgbà tí wọ́n máa fẹ́ràn ara wọn kí wọ́n tó ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ obìnrin. Ní Èkìtì, ìlú tó bá wà nítòsí ìlú, àna ara wọn ni wọ́n. Kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí kò ní ọmọ tó wà nílé ọkọ ní ìlú kejì, tàbí ìyàwó tó ti ibẹ̀ wá. Mo wà ní ìpàdé ààlà kan tí àwọn àgbààgbà ìlú wa bá tọ̀hún ṣe nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn. Àga ọmọdé ni gbogbo àwọn bàbá yẹn jókòó lé, eékún wọn ga dé àyà. Ọ̀kan nínú àwọn ti ìhà ọ̀hún, ọkùnrin tó máa tó bí ẹni àádọ́ta ọdún, agboolé wa ni wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ̀. Bó bá yíjú sí wa, á ní, "Ẹ̀yin ará ilé ìyá mi." Bó bá yíjú sí wọn, á ní, "Ẹ̀yin baba mi." Àwọn tiwa ń bínú pé kò dúró ti ìdílé ìyá rẹ̀. Àwọn tirẹ̀ ń bínú pé ó ń tú àṣírí. Nígbà tó yá, olóyè kan bi í pé, "Ìwọ yìí, ta lo wà fún gan-an?"

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo wà fún, bàbá. Bí ẹ bá jà, ibo ni kí n sá sí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n bú u kí ìpàdé tó tú. Mo wò ó pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Irú ẹni tí ìhà méjèèjì ń bú yìí, ibi tó bá ti pọ̀, ogun kì í rọrùn-ún dá sílẹ̀, torí kò sí ilé tí wàá jó tí kò ní kan ọmọ tìrẹ nínú. Ìpàdé náà kò yanjú nǹkan kan lọ́jọ́ náà ṣá. Wọ́n fún wa ní uyán, bí àwa ará ibí ti ń pè é, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, a jẹ, a sì padà sílé pẹ̀lú ẹjọ́ wa.

Ẹjọ́ ọ̀hún, kòkó ló bí i. Nígbà tó jẹ́ iṣu àti àgbàdo ni gbogbo ènìyàn ń gbìn, ọdún kan ni irúgbìn ń lò lórí ilẹ̀, igbó á sì padà gba ilẹ̀ rẹ̀. Bí àgbẹ̀ ìlú kejì bá fi ebè mẹ́wàá kọjá ààlà, wọ́n á bá a wí, ọdún tó ń bọ̀ á tún un ṣe. Kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè lo ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gbìn ín á kú, ọmọ rẹ̀ á máa ká a, ọmọ ọmọ rẹ̀ á máa sọ pé ilẹ̀ baba ńlá òun ni. Láti ìgbà tí kòkó ti wọ igbó wa ni ààlà ti di ohun tí ènìyàn lè kú lé lórí. Pẹ̀rẹ̀gún ni àwọn baba wa fi ń pààlà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ó ṣòro-ó pa, bí iná bá sun ún, á tún rú. Ẹni tó bá fẹ́ ja ilẹ̀ gbà, pẹ̀rẹ̀gún ló máa kọ́kọ́ hú lóru.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí irú èyí ń gbéni lọ, ẹ wo Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Èdè kan, oúnjẹ kan, àna ara wọn, ọjà kan náà. Ìṣákọ́lẹ̀ orí oko kòkó di ọ̀ràn láàárín onílẹ̀ àti àlejò, ó sì ń jó wọn lábẹ́ aṣọ títí di 1997, nígbà tí wọ́n wá ń jà lórí ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ kan máa wà. Ẹ̀mí tó bá a lọ kò ṣeé fẹnu sọ. Èyí máa ń dà mí láàmú, torí ó fi hàn pé ọjà àti ìgbéyàwó nìkan kò tó. Àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, tí ìhà méjèèjì gbà pé wọn kò ní rẹ́ àwọn jẹ níbẹ̀, kó sì jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ rántí kí wọ́n tó rántí àdá.

Lórí èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ màlúù, nítorí kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní Èkìtì lónìí ká fò ó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa ènìyàn méjì ní Òkè-Àkò, àwọn darandaran ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kí ọdún náà tó parí, Èkìtì ti ní òfin tó ka fífi màlúù jẹko káàkiri léèwọ̀, tó sì dá àsìkò tí wọ́n lè fi jẹko mọ sí ojúmọmọ, lórí ilẹ̀ tí ìjọba bá yàn. Mo fara mọ́ òfin náà. Ẹni tí màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó sọ ohun tí onítọ̀hún kò gbọdọ̀ ṣe, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ní 1751, Swídìn àti ìjọba Dẹ́nmákì tó ń ṣàkóso Nọ́wè nígbà náà pín ilẹ̀ àríwá wọn. Ibẹ̀ ni àwọn Sámì ń gbé, tí wọ́n ń da ẹran kan tó jọ àgbọ̀nrín kiri. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, ẹran náà gbọ́dọ̀ kọjá lọ sí etíkun. Bí òtútù bá dé, ó gbọ́dọ̀ padà. Ààlà tuntun yìí wá gba àárín ọ̀nà wọn. Dípò kí wọ́n kàn sé ọ̀nà, àwọn ọba méjèèjì kọ ìwé àfikún kan mọ́ ìwé ààlà. Ó ní kí àwọn Sámì máa kọjá bí wọ́n ti ń ṣe, kí wọ́n san owó kékeré, kí oníkálukú jẹ́ ọmọ ìlú kan ṣoṣo kó má máa sanwó orí níbi méjì. Ó yan àwọn tí yóò máa dá ẹjọ́ wọn láàárín ara wọn. Ó tún ní bí ogun bá tilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan darandaran tó ń kọjá. Ní 1905, nígbà tí Nọ́wè, tó ti kúrò lọ́wọ́ Dẹ́nmákì bọ́ sábẹ́ Swídìn, fẹ́ dá dúró, tí àwọn ọmọ ogun ti ń pé jọ sí ààlà, ọ̀rọ̀ jíjẹko yìí tún wà lára ohun tí wọ́n jókòó lé lórí ní Karlstad. Wọ́n wó àwọn odi ogun ẹnu ààlà, wọ́n sì tú ká láìyin ìbọn. Ọmọ Swídìn àti ọmọ Nọ́wè kò tíì bá ara wọn jagun láti 1814.

N kò sọ pé ká da ìwé Sámì kọ́ sórí Èkìtì. Igbó wa kò rí bí tiwọn, ẹran wọn kì í sì í rí oko ẹ̀gẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n kí a gbà pé ẹnìkan ń kọjá, kí a yan ọ̀nà fún un, kí a yan adájọ́ tí àgbẹ̀ àti darandaran jọ mọ̀, ìyẹn ni òfin wa kò tíì ṣe dáadáa.

Ẹni tó sì ń jí ènìyàn gbé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń bọ̀ láti ìpàdé. Ìpàdé! Àwọn tó ṣe é kì í ṣe aládùúgbò ẹnikẹ́ni. A kò jọ ná ọjà, a kò jọ fẹ́ ọmọ, a kò mọ ilé ẹni tí a lè ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn nìyẹn, kí a má fi orúkọ àlàáfíà bò ó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù láàárín àwa fúnra wa kéré jùyẹn, ó sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo ìlú ló fẹ́ ní ohun gbogbo tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa báyìí, àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ kí a gbé ọjọ́ ọjà wa bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí ìlú kejì ń ná tirẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀dà tuntun gba ẹ̀gbẹ́ tiwa, pé bí a bá ṣe é lọ́dún kan, ọjà tọ̀hún á tú. Ìṣirò wọn lè tọ̀nà. Ìyálọ́jà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwọn tí ọjà wọn bá tú, àwọn kan náà ló ń kó iṣu wá bá wa, kí àwọn ọ̀dọ́ náà wá sọ ẹni tí yóò máa gbé iṣu wá. Ọ̀rọ̀ ti dé iwájú Kábíyèsí, wọn kò sì tíì dá a. Mo kọ ọ́ sí orí WhatsApp ìlú pé ẹ̀yìn ìyálọ́jà ni mo wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnìkan ti bi mí pé ṣé ìlú kejì ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ.